Ámà àti Ìyanṣẹ́lódì Wa ní Ọ̀rẹ̀

Nígbàkigbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wá kí mi, ìyanṣẹ́lódì ilé ìlagi ni wọ́n máa ń ní kí n sọ fún àwọn. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bí a ṣe dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ ní oríta Ọ̀rẹ̀, bí tajútajú ṣe bò wá mọ́lẹ̀, àti bí àwọn ọ̀gá ṣe gbà fún wa nígbẹ̀yìn. Mo máa ń sọ ọ́, torí ó dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n ìjà méjì la jà lọ́dún náà, èkejì kì í sì í sí lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí àwọn tó ṣojú wọn ti ń kú tán.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn káàkiri Nàìjíríà, gbogbo ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tó o ló ń kọ́lé, gbogbo ilé tí wọ́n sì ń kọ́ ló ń jẹ pákó. Igbó tiwa ni pákó ọ̀hún ti ń wá. Tọ̀sán tòru ni agbégilódò ń ru gẹdú gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, eruku wọn a sì bo kòkó tí a sá sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo láti wá jẹun níbẹ̀: láti òkè ọya, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti Kútọnu, Tógò àti Gáná.

Èmi kì í ṣe àlejò. Ọmọ Ìkálẹ̀, láti Omifúnfun, ni ọkọ mi. Gẹdú kan já lórí ọkọ̀, ó sì pa á. Ilé ìlagi tó ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sọ́ọ̀mìlì, gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa to pákó, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ nínú yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń gbé nínú ilé gígùn àwọn òṣìṣẹ́. Bọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyá Bọ́lá ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí.

Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi ni Rótìmí, igbákejì alága ẹgbẹ́ wa. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, akin ni Rótìmí. Ayùn ti gé ìka rẹ̀ kan, kò sì bẹ̀rù ọ̀gá kankan. Ẹnu rẹ̀ mú débi pé bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò jẹun láti àná á gbàgbé ebi. Èkó ló ti mú Ámà wá. Ọmọ Gáná ni Ámà, ara àwọn tó ń sọ èdè Ewé, aránṣọ sì ni. Nígbà tó dé, ó máa ń ránṣọ fún àwa obìnrin inú ọgbà. Kò pẹ́ tí Rótìmí fi ta maṣíìnì rẹ̀, ó ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ máa ti ilé bọ́ sí ilé. Láti ìgbà náà, a kì í gbọ́ ohùn Ámà mọ́ àyàfi láti inú ògiri, èyí tí mò ń gbọ́ níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ohun tí a tìtorí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì kò le rárá: ìbọ̀wọ́, bàtà tó nípọn, àti kí wọ́n máa tọ́jú ẹni tí ayùn bá gé. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Rótìmí gun orí gẹdú kan lẹ́nu géètì.

"Ṣé ẹrú la jẹ́ ni?"

"Rárá o!"

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹnì kan nínú wa, gbogbo wa ló fọwọ́ kàn!"

Ariwo sọ. Èmi náà pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àwọn ọlọ́pàá dé kí oòrùn tó mú. Tajútajú ni wọ́n kọ́kọ́ jù, wọ́n wá fi kóńdó wọ àárín wa. Mo rí ọkùnrin kan tó ti ṣubú lulẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi bàtà tẹ̀ lẹ́nu, eyín rẹ̀ tú sínú eruku. Wọ́n la Rótìmí lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, síbẹ̀ kò sá. Èjìká ni àwọn ọkùnrin fi gbé e délé, tí wọ́n ń kọrin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni. Àwọn ọkùnrin jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń sọ bí nǹkan ṣe lọ. Ámà ń fi omi gbígbóná nu orí ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, ó sì ṣèèṣì tẹ ọgbẹ́ náà jù. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ibi ààrò ni mo wà, mò ń tẹ ẹ̀bà fún àwọn tó yanṣẹ́ lódì, tí mo fi gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń bá pákó ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ìró pákó lára èèyàn yàtọ̀ sí ìró pákó lórí pákó.

Ámà jáde síta. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú, apá náà sì tẹ̀ níbi tí kò sí oríkèé. Rótìmí tẹ̀ lé e pẹ̀lú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì là á mọ́ ọn lẹ́yìn lójú gbogbo wọn. Ámà dojú bolẹ̀. Ó tún là á mọ́ ọn níbi tó ṣubú sí. Nínú gbogbo ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀, tí wọ́n dúró níwájú ọlọ́pàá láàárọ̀, kò sí ẹni tó dìde. Ẹnì kan yí àga rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà.

Orógùn tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀. Mo bọ́ sí àárín wọn.

"Rótìmí, ju pákó yẹn sílẹ̀."

"Ìyá Bọ́lá, ẹ má dá sí i. Ìyàwó mi ni."

"Mo ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ ni. Jù ú sílẹ̀."

Ó wò mí, ó wo orógùn náà, ó sì ju pákó náà sílẹ̀. Nígbà náà ni alága wa, Bàbá Fẹ́mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ẹnu, wí pé, "Ẹ mú sùúrù. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí ẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, eyín máa ń gé ahọ́n jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti rí eyín tó gé ahọ́n já rí?"

Mo mú Ámà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó di apá náà bi í pé kí ló ṣe é. Ámà ní òun ṣubú ni. Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó wo àwọn àpá níbẹ̀, tuntun lórí àtijọ́, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Nígbà tí à ń bọ̀ ni Ámà tó sọ òótọ́ fún mi. Ó ti lóyún, oyún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Rótìmí ti gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ó ní tí mo bá sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá máa gbé mi lọ jù sí bọ́dà. Ó ní ọmọ yìí, tòun ni, èmi nìkan ni màá lọ."

Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé kò sí ọlọ́pàá tó máa rí apá yìí tí kò ní ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, a sì jọ lọ sí àgọ́ wọn. Sájẹ́ńtì tó wà lórí àga kò wo apá.

"Ìlú wo lo ti wá?"

"Gáná, sà."

"Pásípọ́ọ̀tù ẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọkọ mi."

Mo ní, "Ọ̀gá, apá rẹ̀ tí wọ́n dá ni a bá wá."

"Ìyá, ẹ dákẹ́. Ẹni tí kò níwèé á wá fẹjọ́ onílẹ̀ sùn? Tí mo bá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ báyìí, inú àhámọ́ ló ń lọ. Ẹ̀yin gan-an, ojú yín ò ṣàjèjì sí mi. Ẹ wà lára àwọn tó dí ọ̀nà lánàá, àbí?"

Mo di ọwọ́ Ámà tó dára mú, a sì fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó wọ ilé onílé. Irọ́ kọ́ ni Rótìmí ń pa fún un. Àwọn tó la Rótìmí lórí ní oríta ló ń bá a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Ẹnì kan ti rí wa. Ká tó délé, Rótìmí ti gbọ́ pé ìyàwó òun wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé ó lọ ta ẹgbẹ́ ni. Ó dúró títí mo fi lọ síbi ààrò kó tó ti ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló lò, inú ló sì ń ta á sí. Èmi àti àwọn obìnrin méjì tá a jọ ń dáná gbé odó, a fi fọ́ ilẹ̀kùn náà. Rótìmí gba àárín wa jáde, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ámà wà nílẹ̀, ó ká sí igun ògiri, ilẹ̀ símẹ́ǹtì pupa lábẹ́ rẹ̀. Kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa, oyún náà ti wálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ tán, mi ò mú un padà sínú ọgbà mọ́. Omifúnfun ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Yèyé la máa ń pè é. Opó ni òun náà, oko kòkó ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ. Ó bojú wo Ámà láti orí dé ẹsẹ̀. Kò bi mí pé ọmọ ta ni, kò bi mí pé kí ló ṣe. "Gbé e wọlé," ló sọ, ó sì lọ gbé omi kaná.

Ámà kò sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun tí a bá fún un, ó ń sùn, ojú rẹ̀ ń wo àjà. Nínú àwọn àlejò tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Yèyé, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Kósíwá, ará Tógò. Ó wá bu omi lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Ámà ń sunkún tó sì ń pe ìyá rẹ̀, ó sì dá a lóhùn ní èdè Ewé láti ẹnu ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀. Ámà dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí Kósíwá fi gbàgbé omi tó wá bù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Kósíwá ṣí aṣọ èjìká tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi àpá iná kan han Ámà.

Rótìmí wá mọ ibi tí Ámà wà. Ó wá lọ́sàn-án, nínú agbégilódò tó ṣófo, òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tó máa ń tẹ̀ lé e. Yèyé jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ́ kòkó.

"Yèyé, ẹ káàsán o. Ìyàwó mi ni mo wá mú."

Yèyé kò gbójú sókè. "Ẹni tó pa ọmọ nínú obìnrin, ṣé òun ni wọ́n ń pè lọ́kọ níbi tí o ti wá?"

"Yèyé, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ kúrò lọ́nà."

"Mi ò kúrò."

Ó tì í. Arúgbó náà ṣubú, orí rẹ̀ sì bá etí ọlọ, mo gbọ́ ọ tó dún. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ọmọ odó. Mo fi gbá a ní èjìká, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì fa àdá tí Yèyé fi ń fọ́ kòkó yọ nílẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, màá pa ẹ́ lónìí!" Gbogbo "ẹ̀yin" tó ti ń fi bọ̀wọ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí ti tán lẹ́nu rẹ̀. Apá ni mo nà síwájú tí àdá náà fi bà mí. Ara mi kò tètè mọ̀. Mo kàn rí funfun egungun mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bò ó.

Igbe Ámà ló pe àwọn obìnrin jáde láti inú oko kòkó. Kósíwá ló ṣáájú. Àwọn aya onílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aya àlejò wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àdá tó fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ń bọ̀, wọ́n ń yí wa ká díẹ̀díẹ̀. Kósíwá la Rótìmí ní itan, ó sì tún gbé àdá sókè. Àwọn tó bá Rótìmí wá ló wọ́ ọ padà sínú ọkọ̀, dírẹ́bà sì ti ṣáná sí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àánú wa ló ṣe wọ́n. Àdá ni wọ́n rí.

Yèyé kò kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́ títí ó fi dolóògbé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rán apá mi, èmi àti Ámà padà sí Ọ̀rẹ̀, àwa obìnrin kò sì dáná fún àwọn tó yanṣẹ́ lódì. Àwọn ọkùnrin dé ẹnu géètì, wọ́n bá ìkòkò ní ìdojúdé, wọ́n sì bá àwa obìnrin ní ìjókòó sí ojú ọ̀nà, láàárín wọn àti géètì. Bàbá Fẹ́mi sáré wá.

"Ìyá Bọ́lá! Ẹ fẹ́ tà wá fún àwọn ọ̀gá ni?"

"Rárá, bàbá. Ẹ yọ Rótìmí kúrò ní ipò, kí ẹ sì gba ìwé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀. A ó dáná lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká parí ti ìyanṣẹ́lódì yìí ná. Nígbà tó bá yá…"

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Ámà ló dìde. A kò bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. Ó ní, "Ẹ sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹnì kan nínú yín, gbogbo yín ló fọwọ́ kàn. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Èmi ńkọ́? Ta ni mo jẹ́ ẹnì kan fún?"

Ọkùnrin tó yí àga rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn kan bú wa, àwọn kan kúrò níbẹ̀ tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n àwọn tó nawọ́ pọ̀ díẹ̀ ju àwọn tí kò nà lọ. Wọ́n yọ Rótìmí. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti gba pásípọ́ọ̀tù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti fi dáná.

Ẹ ti mọ bí ìyanṣẹ́lódì náà ṣe parí. Ìbọ̀wọ́ dé, bàtà dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀gá kan náà ló pe Rótìmí lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó lórí wa. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ilé ẹjọ́ kankan kò pè é títí di òní, kì í ṣe lórí apá Ámà, kì í ṣe lórí ojú Yèyé, kì í ṣe lórí ọmọ tí kò dé ayé.

Ámà dúró sí Omifúnfun. Apá rẹ̀ kò nà tán mọ́, síbẹ̀ ó kọ́ bí a ti ń fi í ránṣọ. Ọ̀rọ̀ sì rìn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé Yèyé láti oko Agbabu àti láti Odigbó, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, ojú wọn wú, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará ibí. Kósíwá a gbọ́ tẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀, Ámà a rán aṣọ fún ẹni tó bá sá wá ní ìhòòhò. Tó bá di pé a ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, a kì í dá ẹnì kan lọ mọ́. Ogunlọ́gọ̀ la ń lọ, àwa onílẹ̀ a ṣáájú, kó má baà jẹ́ pé ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Nígbà mìíràn wọn a gbọ́ wa. Nígbà mìíràn wọn a lé wa.

Owó epo wá gbẹ. Ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ. Oríta Ọ̀rẹ̀ kún fún ọkọ̀ àti ẹrù, èèyàn ń sun ẹ̀gbẹ́ títì. Pásípọ́ọ̀tù Ámà ti di eérú, kò sí ohun tó lè fi hàn. Mo sìn ín dé ọkọ̀. Ó fi apá tó tẹ̀ yẹn dì mọ́ mi, ọkọ̀ sì gbé e lọ. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kósíwá náà lọ. Nígbà tí Yèyé kú, àwọn mọ̀lẹ́bí pín oko, wọ́n sì wó ilé náà.

Tí ẹ bá bi mí ohun tí a rí gbà, màá ní a gba ẹ̀mí Ámà là, àti ti àwọn mìíràn tí mi ò lè ka orúkọ wọn tán. Mo mọ̀ pé ó tóbi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin nawọ́ sí lọ́jọ́ náà kò wọ inú òfin ẹgbẹ́ rí. Ìjọba tó ní pákó àti epo kò kọ́ yàrá kan ṣoṣo dípò èyí tí wọ́n wó.

Wọ́n ṣì ń wá. Nígbà òjò tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Kútọnu, tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ ní oríta, wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọkùnrin tó ń bá gbé ti lẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná mọ́ ọn láyà. Mo ní yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Mo fi í sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sùn sórí ẹní. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó wò mí pẹ́, ó wo ewú orí mi, ó wá bi mí pẹ̀lú ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́:

"Màmá, tí ẹ bá kú, ilé ta ni kí n lọ?"

Mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín jókòó lónìí.